Àtẹ́lẹwọ́ Kì í Tan Ni Jẹ: Ìtàn Ìtẹ̀ka àti Iṣẹ́ Àwọn Tí Ń Kà Á

Àwọn àgbà a máa wí pé àtẹ́lẹwọ́ ni a bá ilà, a kò mọ ẹni tí ó kọ ọ́. Ó ti pẹ́ tí ọmọ Yorùbá ti mọ̀ pé ilà kan ń bẹ lára ènìyàn tí abẹ olóòlà kò dé. Olóòlà a máa kọ àbàjà, pélé, gọ̀ǹbọ́ tàbí kẹ́kẹ́ sí ojú ọmọ. Ẹni tí ó bá sì rí ojú náà yóò mọ ìlú tàbí ìdílé tí ọmọ ti wá. Ṣùgbọ́n ilà ojú kò lè sọ ju èyíinì lọ. Ẹgbẹ̀rún ènìyàn lè kọ àbàjà kan náà, nítorí pé agbo ilé ni ilà ojú ń tọ́ka sí, kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Ilà tí ó wà ní orí ìka ọwọ́ ni ó ya ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀. Táyé àti Kẹ́hìndé lè jọra tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará ilé yóò fi máa ṣì wọ́n pè. Síbẹ̀ ilà orí ìka wọn kò dọ́gba.

Inú oyún ni a ti ń kọ ilà wọ̀nyí. Ní nǹkan bí oṣù kẹta ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, kí oyún tó pé oṣù méje, wọ́n ti parí. Láti ìgbà náà títí di ọjọ́ ikú, ètò wọn kì í yí padà. Bí ọmọ ti ń dàgbà ni ilà ń gbòòrò, ṣùgbọ́n bí wọ́n ti tò ni wọn yóò tò. Bí ọ̀bẹ bá bó awọ òkè, awọ tuntun yóò tún gbé ilà àtijọ́ jáde. Bí egbò bá sì jinlẹ̀, àpá rẹ̀ a di àmì mìíràn tí a ó fi mọ ẹni tí ó ni ìka náà. Ìdí nìyí tí àwọn ìjọba ayé fi sọ ìka di ẹlẹ́rìí, tí iṣẹ́ kan tí kò ní ariwo sì fi dìde láàárín àwọn ọlọ́pàá, èyí tí í ṣe iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ìtẹ̀ka.

Ìtàn ìtẹ̀ka lọ́wọ́ ìjọba kò bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀ràn olè. Orí ìwé àdéhùn ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ní ilẹ̀ Ìńdíà. Ní ọdún 1858, Gẹ̀ẹ́sì kan, William Herschel, tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ní Bengal, ní kí Rajyadhar Konai, agbaṣẹ́ṣe tí yóò kó òkúta ojú ọ̀nà wá fún un, fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tẹ tàdáwà sí ẹ̀yìn ìwé àdéhùn. Kì í ṣe pé Herschel ti mọ àṣírí ilà ìka nígbà náà. Ohun tí ó ń fẹ́ ni pé kí ẹ̀rù ba Konai láti sẹ́ ìwé tí ọwọ́ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ó wá ń fi ọdún gbọọrọ ṣọ́ àwọn ìtẹ̀ka tí ó kó jọ, tí ó sì rí i pé wọn kì í yí padà. Kí òǹkàwé fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn: láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni ìtẹ̀ka ti jẹ́ ohun tí aláṣẹ ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó wà lábẹ́ àṣẹ.

Oníṣègùn ọmọ Scotland kan, Henry Faulds, ni ó kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ní oṣù kẹwàá ọdún 1880, pé a lè fi ìtẹ̀ka mú ọ̀daràn. Ìlú Tokyo ní ilẹ̀ Jàpáànù ni ó ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Àmì ìka àwọn amọ̀kòkò tí ó rí lára àpáàdì àtijọ́ ni ó sì gbé e ronú. Ní ọdún 1892, Francis Galton tẹ ìwé ńlá jáde lórí ọ̀rọ̀ náà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù.

Ní ọdún 1892 yìí kan náà, ní ìlú Necochea ní ilẹ̀ Ajẹntínà, a bá ọmọ méjì nínú ilé ní pípa. Ìyá wọn, Francisca Rojas, dárúkọ ọkùnrin kan ládùúgbò pé òun ni ó pa wọ́n. Àwọn ọlọ́pàá mú ọkùnrin náà, wọ́n fi ìyà pá a lórí, ṣùgbọ́n ó ní òun kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Nígbà tí ó yá, ọlọ́pàá mìíràn tí ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ ìtẹ̀ka lọ́dọ̀ Juan Vucetich wọ ilé náà, ó sì rí àmì ìka tí ẹ̀jẹ̀ tẹ̀ sí ara ilẹ̀kùn. Ó gé pákó náà, ó gbé e lọ, ó sì fi wé ìka ìyá ọmọ. Ìka ìyá ni. Nígbà tí wọ́n fi hàn án, ó jẹ́wọ́. Bí kì í bá ṣe ìlẹ̀kùn yẹn, aláìṣẹ̀ ni ìbá kú sí i. Ìyà kò mú òtítọ́ jáde. Pákó tí kò lẹ́nu ni ó sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n rírí ìka kan fi wé ìka kan jẹ́ iṣẹ́ kékeré. Ìṣòro ńlá ni pé bí ìtẹ̀ka ẹgbẹẹgbẹ̀rún bá ti wà nínú àpótí, báwo ni a ó ṣe rí èyí tí a ń wá? Bengal ni a ti rí ìdáhùn. Edward Henry ni ọ̀gá ọlọ́pàá níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni a sì fi ń pe ìlànà náà títí di òní. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Ìńdíà méjì, Azizul Haque àti Hem Chandra Bose, ni wọ́n ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ọpọlọ náà. Haque ni ó gbé ìṣirò rẹ̀ kalẹ̀. Ó pẹ́ púpọ̀ kí ìjọba tó fún àwọn méjèèjì ní ìyìn tí ó tọ́ sí wọn. Kalẹ̀ńdà ìtàn àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ gàba lé lórí kún fún irú èyí: ọ̀kan dáko, òmíràn ni a fi orúkọ oko náà pè.

Ìṣirò náà yẹ ní sísọ fún ọmọ Yorùbá, nítorí pé kò ṣàjèjì sí i. Oríṣi mẹ́ta gbòógì ni ilà orí ìka: èyí tí ó rí bí ojóbó okùn, tí ó wọlé láti ẹ̀gbẹ́ kan tí ó sì tún gba ẹ̀gbẹ́ yẹn jáde, èyí ni ó pọ̀ jù lọ, èyí tí ó ń yí ká ara rẹ̀ bí ààjà, àti èyí tí ó tẹ̀ kọdọrọ bí ọrun ọdẹ, èyí ni ó ṣọ̀wọ́n jù. Ohun tí Haque bi ìka kọ̀ọ̀kan léèrè kò ju ọ̀kan lọ: ṣé ààjà wà lórí rẹ̀ àbí kò sí? Ìka mẹ́wàá, ìdáhùn méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ni ó bí ìsọ̀rí 1,024. Babaláwo tí ó ju ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀ ń ṣe ohun tí ó bá èyí mu: ojú mẹ́jọ ni ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí tàbí kí ó dojú dé, èyí ni ó sì bí odù 256. Bí babaláwo kì í ti í wá ẹsẹ kiri inú gbogbo odù, tí ó jẹ́ pé odù tí ó hù ni ó ń tọ̀ lọ tààrà, bẹ́ẹ̀ ni onímọ̀ ìtẹ̀ka kì í tú gbogbo àpótí: ìsọ̀rí tí ìka mẹ́wàá náà bọ́ sí ni yóò ṣí. Kò sí ẹni tí ó kọ́ èkejì. Ọgbọ́n orí ènìyàn ni ó gba ọ̀nà méjì dé ibì kan náà.

Ní ọdún 1897, ìjọba ṣí ilé iṣẹ́ ìtẹ̀ka sí Calcutta. Ní oṣù keje ọdún 1901, Henry dá irú rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọlọ́pàá Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ní oṣù kẹta ọdún 1905, wọ́n pa ọkùnrin olùtọ́jú ṣọ́ọ̀bù kan àti aya rẹ̀ ní Deptford, wọ́n sì jí owó wọn lọ. Àmì àtàǹpàkò kan ṣẹ́ kù sínú àpótí owó. Ti Alfred Stratton ni. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, wọ́n so òun àti àbúrò rẹ̀ kọ́. Faulds fúnra rẹ̀, ẹni tí ó kọ́kọ́ kéde ọ̀rọ̀ náà fún ayé, sọ pé ìtẹ̀ka ẹyọ kan kéré fún ẹjọ́ ikú. Wọn kò fetí sí i, ṣùgbọ́n iyèméjì tí ó gbìn yẹn kò kú; a ó rí i níwájú.

Níbi gbogbo tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá gbé ọlọ́pàá wọn dé ni ìlànà Henry ń bá wọn lọ. Ní Èkó, ọdún 1861 tí wọ́n gba ìlú ni wọ́n dá ẹ̀ṣọ́ àkọ́kọ́ sílẹ̀, àwọn bí 30. Ní ọdún 1896 ni wọ́n dá Ọlọ́pàá Èkó sílẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1930, wọ́n pa ọlọ́pàá Àríwá àti ti Gúúsù pọ̀ di ọ̀kan fún gbogbo Nàìjíríà, Èkó sì ni olú ilé iṣẹ́ wọn. Àkójọ ìtẹ̀ka àwọn ọ̀daràn wà ní Alágbọn ní Ìkòyí, lábẹ́ àwọn ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Iṣẹ́ méjì ni ibẹ̀ gbajúmọ̀ fún. Èkíní ni wíwo ìtẹ̀ka ẹni tí a mú, bóyá ó ti jẹ̀bi rí lábẹ́ orúkọ mìíràn. Èkejì ni ìwé ẹ̀rí ìwà fún ẹni tí ń lọ sí òkè òkun. Ìka ẹni tí kò ṣẹ̀ rí ni yóò jẹ́rìí pé kò ṣẹ̀ rí.

Òfin náà kò sì gbẹ́yìn. Òfin Ẹ̀rí tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní ọdún 1945 fi ìtẹ̀ka sí ara ohun tí ilé ẹjọ́ lè béèrè èrò onímọ̀ lé lórí, gẹ́gẹ́ bí ó ti fi ìwé àfọwọ́kọ sí i. Òfin tuntun ti ọdún 2011 pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ ní abala 68. Kí a kíyè sí ọ̀rọ̀ tí òfin lò: èrò. Onímọ̀ kò dá ẹjọ́. Ó gbé ohun tí ó rí ka iwájú adájọ́, adájọ́ ni yóò sì wọ̀n ọ́n.

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí Ìkòtún, Ìgàndó àti Ẹgbẹ́dá ṣì jẹ́ abúlé oko tí àwọn Àwórì tẹ̀ dó, kò sí àlejò tí yóò wọ̀lú tí a kò ní mọ ilé tí ó wọ̀ sí. Ẹni tí ó bá jí iṣu, ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ebè lè tú u fó. Lónìí Alímọ̀ṣọ́ ni ìjọba ìbílẹ̀ tí èrò rẹ̀ pọ̀ jù ní Ìpínlẹ̀ Èkó: ìkànìyàn ọdún 2006 kà wọ́n sí 1,277,714, ìṣirò tí ìjọba Ìpínlẹ̀ náà ṣe fúnra rẹ̀ sì ju 2,000,000 lọ. Ayálégbé wà nínú ilé kan náà tí wọn kò mọ orúkọ ara wọn. Ojúlùmọ̀ tí ó ń ṣọ́ ìlú tẹ́lẹ̀ ti tán. Ẹsẹ̀ kò hàn lórí ọ̀dà. Irú ibi báyìí ni ìka ti ń wúlò.

Bí a bá fọ́ ilé kan ní Ẹgbẹ́dá, tí olè yọ gíláàsì fèrèsé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan tí ó sì tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ohun àkọ́kọ́ tí onímọ̀ ìtẹ̀ka yóò bẹ onílé ni pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn wọ́n. Òógùn àti ọ̀rá ara ni ìka fi ń kọ̀wé. Ojú kì í sì í sábà rí i. Onímọ̀ yóò fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn ìyẹ̀ kíkúnná sí ara gíláàsì, ìyẹ̀ dúdú bí ibẹ̀ bá mọ́, èyí tí ó mọ́ bí ibẹ̀ bá dúdú. Ìyẹ̀ náà yóò lẹ̀ mọ́ ọ̀rá, ilà yóò sì yọ. Yóò ya àwòrán rẹ̀, yóò sì fi ike alẹ̀mọ́ ṣí i kúrò. Bí ó bá jẹ́ ìwé ni olè fọwọ́ kàn, ìyẹ̀ kò tó. Oògùn kan tí a ń pè ní ninhydrin, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í lò fún èyí ní ọdún 1954, ni yóò mú kí àmì náà yọ ní àwọ̀ àlùkò.

Lẹ́yìn èyí, yóò tẹ ìka gbogbo ará ilé. Èyí a máa bí àwọn mìíràn nínú, wọn a ní ṣé àwọn ni olè ni? Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà mìíràn láti yọ àmì ìka onílé kúrò nínú ti àlejò. Èyí tí ó bá ṣẹ́ kù ni yóò gbé sábẹ́ dígí tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Níbẹ̀ ni yóò ti máa wo ibi tí ilà kan ti là sí méjì bí ẹ̀ka igi, ibi tí òmíràn ti parí lójijì, ibi tí ilà kúkúrú ti dá dúró bí erékùṣù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 1953 títí di ọdún 2001, irú àmì bẹ́ẹ̀ 16 ni ó gbọ́dọ̀ bára mu kí ọlọ́pàá tó lè gbé e lọ sí ilé ẹjọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n fi í sílẹ̀ fún òye onímọ̀. Nígbà tí onímọ̀ kan bá parí, onímọ̀ kejì gbọ́dọ̀ tún un wò, nítorí pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, òṣìkà ni.

Síbẹ̀, bí ìka bá tilẹ̀ bára mu, ọ̀rọ̀ kò tíì parí. Ìka lè sọ ẹni tí ó fọwọ́ kan gíláàsì. Kò lè sọ ọjọ́ tí ó fọwọ́ kàn án, kò sì lè sọ ohun tí ó ń wá. Káfíńtà tí ó tún fèrèsé náà ṣe ní oṣù tí ó kọjá fi ìka sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olè ti fi í sílẹ̀. Onímọ̀ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í fi ẹnu ìka sọ ohun tí ìka kò sọ.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni ó fi èyí hàn jù ní agbègbè yìí. Títí di ọdún 1967 tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, Alímọ̀ṣọ́ wà lábẹ́ Ìwọ̀ Oòrùn, ní ìpín Ìkẹjà. Nígbà tí ìlú Èkó ń gbòòrò bọ̀, tí ilẹ̀ oko ń di ilẹ̀ ilé, olórí ẹbí tí kò mọ̀wé a máa ki àtàǹpàkò bọ tàdáwà, a sì tẹ̀ ẹ́ sí ìdí ìwé tí akọ̀wé kọ. Òfin tí ń dáàbò bo aláìmọ̀wé ti wà láti ọdún 1915: ẹni tí ó bá bá aláìmọ̀wé kọ ìwé gbọ́dọ̀ ka ìwé náà fún un kí ó sì túmọ̀ rẹ̀ kí ó tó tẹ̀ka, ó sì gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ síbẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè méjì ni ó wà nínú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣé ìka bàbá ni èyí? Onímọ̀ ìtẹ̀ka lè dáhùn. Ṣé bàbá mọ ohun tí ó wà nínú ìwé? Ìka kò lè dáhùn. Ẹni tí ó ka ìwé náà fún un nìkan ni ó lè sọ, bí ó bá kà á. Ohun tí Herschel gbà lọ́wọ́ Konai ní ọdún 1858 nìyẹn, ọwọ́ lórí ìwé. Òfin ọdún 1915 ni ó wá sọ pé ọwọ́ nìkan kò tó.

Iyèméjì Faulds náà sì padà wá. Ní ọdún 1997, àwọn onímọ̀ ní Scotland sọ pé àmì àtàǹpàkò kan nínú ilé tí wọ́n ti pa obìnrin kan jẹ́ ti Shirley McKie, ọlọ́pàá tí ó wà lára àwọn tí ń ṣe ìwádìí náà. Ó ní òun kò wọ ilé náà. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ pé ó búra èké. Ilé ẹjọ́ dá a sílẹ̀ ní ọdún 1999, ìgbìmọ̀ ìwádìí sì sọ ní ọdún 2011 pé ìka náà kì í ṣe tirẹ̀. Ní ọdún 2004, lẹ́yìn tí bọ́ǹbù pa ènìyàn nínú ọkọ̀ ojú irin ní Madrid, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà mú agbẹjọ́rò kan ní Oregon, Brandon Mayfield, wọ́n ní ìka rẹ̀ ni ó wà lára àpò tí a bá. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ó lò ní àtìmọ́lé kí àwọn ọlọ́pàá Sípéènì tó fi hàn pé ìka ẹlòmíràn ni. Ìjọba tọrọ àforíjì. Nínú ọ̀ràn méjèèjì, ìka kò purọ́. Àwọn tí ń kà á ni wọ́n kà á ní àkàṣì, àwọn tí wọ́n sì ní kí ó tún un wò tẹ̀lé ọ̀rọ̀ ẹni àkọ́kọ́. Àtẹ́lẹwọ́ kì í tan ni jẹ, ṣùgbọ́n ojú a máa tan ni jẹ.

Èyí kò sọ iṣẹ́ náà di asán. Ohun tí ó wà ní ipò rẹ̀ bí a bá gbé e tì ni ó yẹ kí a wò. Níbi tí kò bá sí ìka, tí kò sí ẹ̀rí mìíràn tí a lè dì mú, ẹnu ẹni tí a mú ni a ń wò, ọ̀nà láti fipá ṣí ẹnu sì burú. Òfin Nàìjíríà ti mọ èyí. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 kọ ìjẹ́wọ́ tí a fi ìyà gbà; òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti Ìpínlẹ̀ Èkó, tí a kọ́kọ́ ṣe ní ọdún 2007, ní kí a ya fídíò ìjẹ́wọ́ tàbí kí agbẹjọ́rò wà níbẹ̀; òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2015 ní kí a tẹ ìka ẹni tí a mú kí a sì ya àwòrán rẹ̀ láàárín àkókò tí kò ju wákàtí 48 lọ; òfin ọdún 2017 sì sọ ìfìyàjẹni di ẹ̀ṣẹ̀. Gbogbo òfin wọ̀nyí yóò ṣòro láti pa mọ́ bí ìka tí ó wà lára gíláàsì bá ń pòórá nítorí pé kò sí ẹni tí ó tètè dé ibẹ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì àti ìyẹ̀. Bí ìka bá lè sọ̀rọ̀, kò yẹ kí a na ẹni tí ó ni ín.

Lónìí ìka ti jáde kúrò lọ́wọ́ ọlọ́pàá nìkan. Láti ọdún 2011 ni a ti ń tẹ ìka láti gba nọ́ńbà tẹlifóònù. Láti ọdún 2014 ni àwọn báńkì ti ń tẹ ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Káàdì ìdìbò àti nọ́ńbà ọmọ onílùú pẹ̀lú ń béèrè rẹ̀. Ìgbà yìí ni a wá rí i pé ìka kan wà tí ẹ̀rọ kì í tètè kà: ti bíríkìlà tí símẹ́ǹtì ti jẹ, ti àgbẹ̀ tí ọkọ́ ti họ, ti ìyá arúgbó tí ó ti lọ ata lórí ọlọ fún ogójì ọdún. Iṣẹ́ òótọ́ ni ó pa ilà wọn rẹ́, ẹ̀rọ a sì máa wò wọ́n bí ẹni tí kò sí. Onímọ̀ tí ó ní sùúrù yóò nu ìka náà, yóò fi òróró díẹ̀ rọ̀ ọ́, yóò sì tún un tẹ̀, nítorí pé ó mọ̀ pé ènìyàn ni ó wà lẹ́yìn ìka.

Àwọn baba wa ní ìka tí ó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fi òwe yìí dẹ́rù ba ẹlẹ́ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún aláṣẹ ni ó wúwo jù. Ìka mẹ́wàá ni ó wà. Ọ̀kan ni ó ṣẹ̀. Ọba tí kò bá mọ èyí tí ó ṣẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gé ọ̀kankan. Ẹni tí ó jókòó sídìí dígí, tí ń ka ilà kan tẹ̀lé òmíràn, ń ṣọ́ mẹ́sàn-án tí kò ṣẹ̀ bí ó ti ń wá ẹyọ kan tí ó ṣẹ̀.